Ogún ìṣẹ́jú tó fún òṣìṣẹ́ láti mú ara le

Ìbarà,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín, ká sọ̀rọ̀ lórí àwáwí kan tó ti di orin lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlú yìí. Bí ọ̀rọ̀ eré ìmárale bá ti délẹ̀, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè." Akọ̀wé ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn ń wí i, òṣìṣẹ́ báńkì ní Pànṣẹ́kẹ́ ń wí i, ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú náà ń wí i. Tó bá wá di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kan nínú wọn á gba pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ lọ. Wọ́n á fi wákàtí méjì sáré, wọ́n á fò, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ ṣe púṣọ́ọ̀pù títí apá á fi máa gbọ̀n. Títí di Ọjọ́ Ajé, àtẹ̀gùn ilé lásán á di ogun fún wọn. Kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní lọ mọ́.

Ìṣirò wọn ni kò gún. Wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé eré ìmárale gbọ́dọ̀ gba wákàtí kan ààbọ̀, pé ó gbọ́dọ̀ ní jíìmù, ó gbọ́dọ̀ ní aṣọ tiẹ̀. Nígbà tí wákàtí kan ààbọ̀ kò wá sí láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ọjọ́ kan ṣoṣo, ara á sì kọ̀ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń mú gbogbo iṣan ńláńlá ara le, ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ tí wọ́n tún dárúkọ. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n ka ìṣẹ́jú fún ìrìn, ṣùgbọ́n wọn ò ka ìṣẹ́jú kankan fún ìmárale. Ọjọ́ ni wọ́n kà. Nítorí náà, kí ẹni tó ń gun òkè Olúmọ tàbí tó ń rìn láti Sápọ́n lọ sí Aké má rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ jèrè, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà.

Eré mẹ́rin ló tó fún gbogbo ara: jókòó-dìde fún itan àti ìdí, títì fún àyà, èjìká àti apá, fífà fún òkè ẹ̀yìn, gbígbé láti ilẹ̀ fún ẹ̀yìn itan àti ìbàdí. Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di sẹ́ẹ̀tì 12. Sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá léraléra, ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ nìyẹn fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ fi ìsinmi ìṣẹ́jú kan tẹ̀lé sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 12 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ 20. Ẹni tí kò bá ní 20 lè máa fi eré ẹsẹ̀ àti eré ọwọ́ gba ara wọn: bó bá ti ṣe jókòó-dìde tán, kó sinmi ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó bọ́ sórí títì, nítorí itan ń sinmi nígbà tí àyà ń ṣiṣẹ́. Ìsinmi á já sí ìṣẹ́jú mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á sì parí ní 14. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bíi Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí iṣan rí ọjọ́ méjì fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irin dá yín dúró. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan, kò sí ohun tó tún rọrùn wọ̀n ju ìyẹn lọ. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní ogún ọ̀rá nínú, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ lítà, jẹ́ kílò 10. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 25 àti díẹ̀ fún ike rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 jẹ́ kílò 5 bí ẹ bá rọ omi sí i. Bó bá jẹ́ yanrìn gbígbẹ ni ẹ dà kún un, á tó nǹkan bíi kílò 8. Ẹ jẹ́ kó kún dé ẹnu. Kẹ́ẹ̀gì tí kò kún, omi inú rẹ̀ á máa mì gbọ̀ngbọ̀n, á sì máa fa ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ fi àkísà wé ibi tí ẹ ń dì mú, torí ike tín-ín-rín yẹn á ti máa gé àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ̀yìn tó rẹ̀ yín. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń jò, a mọ̀, ẹ kó o sínú báàgì àgbékọ́yìn tó ní síìpù. Báàgì yìí dára ju ọ̀pọ̀ irin jíìmù lọ lọ́nà kan: ẹ lè fi ọ̀rá kan ṣoṣo kún un, kí ẹrù lé ní ààbọ̀ kílò péré. Ọ̀pọ̀ irin kò ní irú àfikún kékeré bẹ́ẹ̀.

Fún jókòó-dìde, ẹ wá àga tí ìjókòó rẹ̀ tó gíga orúnkún. Kó má ṣe ní táyà lábẹ́ bí àwọn àga ọ́fíìsì kan. Àga oníke tí a ń yá fún òde náà máa ń la ẹsẹ̀ lórí táìlì, ẹ gbé e ti ògiri kó má lè sún. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ya tó ìbú èjìká, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síta díẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kí ìdí kan àga bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná, kí ẹ sì dìde láì tíì gbé ara lé e. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni kí orúnkún máa lọ. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wọ́ bá ara wọn bí ẹ ṣe ń dìde, ó ti rẹ iṣan ìdí nìyẹn tàbí kí ẹrù ti pọ̀ jù: ẹ dín in kù. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀méjìlá bá ti rọrùn láìmú nǹkan dání, ẹ gbá báàgì píọ̀ wọ́tà mọ́ àyà, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.

Títì kò pẹ́ ẹ́ ṣàlàyé, púṣọ́ọ̀pù ni. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè ṣe mẹ́jọ tó gún lórí ilẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Ògiri ni kó kọ́kọ́ ti, lẹ́yìn náà etí tábìlì, lẹ́yìn náà ìjókòó àga tó ti kan ògiri, kó tó di ilẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń sún sísàlẹ̀ ni ẹrù ń pọ̀ sí i. Kí tábìlì náà ti kan ògiri, kó má sì jẹ́ èyí tó ní gíláàsì lórí. Láti gìgísẹ̀ títí dé orí, kí ara gún. Bí ìdí bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ni ẹ ń fi ìyà jẹ, àyà kò ṣe nǹkan kan.

Fífà ni àwọn tó ń ṣeré nílé máa ń gbójú fò, a ò sì dá wọn lẹ́bi, ẹ̀yìn kò ṣeé rí nínú dígí. Ẹ wo télọ̀ lórí máṣíìnì, ẹ wo aládìrẹ tó tẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ wo akọ̀wé níwájú kọ̀ǹpútà: iwájú ni gbogbo wọn tẹ̀ sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣe púṣọ́ọ̀pù nìkan, iṣan àyà á máa le sí i, ó sì lè máa fa èjìká wá síwájú, nígbà tí iṣan tó yẹ kó dá a padà sẹ́yìn kò ní agbára. Ìmọ̀ràn wa ni pé iye sẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti, ẹ fa iye kan náà, ó kéré tán. Ẹ fi ọwọ́ òsì ti tábìlì tàbí àga, ẹ tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, kí ẹ̀yìn gún, kí ọwọ́ ọ̀tún di kẹ́ẹ̀gì lítà 5 mú kó máa rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá fà á wá sí ibi àpò ṣòkòtò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fà á lọ sí abíyá, èjìká á sì gòkè lọ bá etí. Ọrùn ló máa dùn wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní eré náà kò dára. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti dé ìbàdí, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kẹ́ ẹ tó dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní láti yí gbogbo ara kí kẹ́ẹ̀gì tó gòkè, ó ti wúwo jù. Ọwọ́ kan lẹ́yìn èkejì ni, torí náà ó gba ìlọ́po méjì àkókò, àmọ́ ẹ ò nílò ìsinmi láàárín wọn: bí ọ̀tún ṣe ń ṣiṣẹ́ ni òsì ń sinmi.

Gbígbé láti ilẹ̀ ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù, òun náà ni gbogbo wa sì ń ṣe lójoojúmọ́ láìkọ́ ọ, tó bá di ti kẹ́ẹ̀gì omi, àpò ìrẹsì tàbí ọmọ tó ń ké. Ẹ kọ́ ọ lára ògiri, ẹ má tíì mú nǹkan dání. Ẹ kẹ́yìn sí ògiri, kí gìgísẹ̀ jìnnà sí i tó gígùn bàtà kan. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ péré. Ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn títí á fi kan ògiri, kí àyà máa tẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ̀yìn gún. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan ni ẹ ti ń mọ̀ ọ́n pé nǹkan ń fà, ẹ ti ṣe é re. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń fà, ẹ̀yìn ni ẹ tẹ̀, ẹ ò tẹ ìbàdí. Ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú, kó ní kí ẹnì kan bá òun fi igi máápù lé ẹ̀yìn lóòró. Igi náà gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn orí, àárín èjìká méjèèjì, àti ìdí. Bó bá ti kúrò lára ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ ṣe ń tẹ̀, ẹ̀yìn ti ká. Nígbà tí ẹ bá lè ṣe mẹ́wàá tí igi kò kúrò, ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. A ní àárín ẹsẹ̀, a ò ní iwájú. Ẹrù tó bá fi ìwọ̀n ọwọ́ kan jìnnà sí ara, ẹ̀yìn á gbé e bí ẹrù tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ó wá ku ìgbà wo lóòjọ́. Ìgbà tó bá ti jẹ́ "bí mo bá ráyè" kò ní dé láéláé. Ẹ so eré náà mọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ilé: lẹ́yìn ìrun àsùbá, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, tàbí ìgbà tí omi ìwẹ̀ wà lórí iná. Ẹni tó ń ti Ọbáńtókò lọ síṣẹ́ ní Òkè-Mọ́sàn lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì ti wẹ̀ tán kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Òwúrọ̀ ní ìkìlọ̀ tiẹ̀ o: ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń le gan-an bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, torí náà ẹ fi jókòó-dìde àti títì síwájú, kí gbígbé kẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ni a rò pé ó bá òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mu jù, òun náà ni àwọn èèyàn kì í sì í gbà gbọ́: ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pẹ̀lú ìsinmi méjì láàárín wọn jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ ti tábìlì ní aago mẹ́wàá, ẹ ṣe jókòó-dìde ní aago méjìlá, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré abẹ́ tábìlì ṣe fífà ní aago méjì, ẹ ṣe gbígbé kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́fíìsì. Iṣan kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà láàárín. Ohun tó ń kà ni iye sẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ àti bí wọ́n ṣe le tó. Òógùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, èyí sì ń yanjú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti aṣọ tí kò gba òórùn. Obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fún lè fi títì àti fífà sí ọ́fíìsì, kó fi jókòó-dìde àti gbígbé sílẹ̀ di ilé. Kí onísọ̀ọ̀bù wo ìgbà tí ọjà bá dá, ọ̀sán gangan sábà máa ń dá. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó jẹun o. Ẹni tó bá ti gbé láfún àti ewédú jẹ yó, kó fún ikùn ní wákàtí méjì kó tó tẹ̀ síwájú.

Ìrọ̀lẹ́ dára fún ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Láfẹ́nwá kò bá ti gba gbogbo okun rẹ̀. Kí ó má ṣáà jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe déédéé pàápàá kì í rí àyípadà lẹ́yìn oṣù méjì, torí pé ẹrù kan náà ni wọ́n ń gbé láti ọjọ́ kìíní. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, ẹrù, àti iye ẹ̀ẹ̀melòó ní sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: "báàgì kílò 10: 10, 9, 8." Nígbà tí ẹ bá kọ 12, 12, 12 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì kún un, iye náà lè dín kù díẹ̀, ẹ tún máa gun òkè lọ. Bí ẹ bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó yẹ kó ku méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ṣì lè ṣe. Bó bá ku mẹ́wàá, ẹrù ti kéré jù. Bí kò bá ku nǹkan kan, ẹ ò ní fẹ́ wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì ti tó. Ara á ro yín bó ti wù kó rí, á sì ro jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Ìyẹn kò léwu. Èyí tó léwu ni kí iṣan wú, kó le gbagidi, kí ìtọ̀ sì pọ́n dúdú lẹ́yìn àṣejù ọjọ́ kan: ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, torí iṣan tó bàjẹ́ ń da ìdọ̀tí sínú kíndìnrín. Àwọn eléré Àbámẹ́ta ní pàtàkì ni à ń bá wí. Ẹni tí ọjọ́ kan bá sì fò ó, kó má san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kó bọ́ sórí èyí tó kàn.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tó bá wọn kílò 70, tó sì ń ṣe eré yìí, lè fojú sun gíráàmù purotéènì 84 sí 112 lóòjọ́, ìyẹn 1.2 sí 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà. Ife ẹ̀wà sísè kan sún mọ́ 15. Ẹran wẹ́wẹ́ kan lórí òkìtì láfún kò lè gbé e débẹ̀, a ò sì sọ pé kẹ́ ẹ pa láfún tì. Ẹ dín òkìtì náà kù, kẹ́ ẹ fi ẹja kún ọbẹ̀. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ló dín owó jù.

Ẹ máa mí. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń gbé ẹrù, kẹ́ ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá sé èémí mọ́ra, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sókè fíofío láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó 180 lórí 110 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kó má tíì gbé ohunkóhun. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Kí aláboyún, ẹni tó ní ìpá, àti ẹni tí àyà ń dùn bó bá rìn náà béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, tí iná bá tún lọ, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ sì yọ sẹ́ẹ̀tì kan kúrò.

Ohun méjì ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ̀yin hẹ́dímásítà, owó kọ́ ni à ń tọrọ. Igun kan tí àga dídúróṣinṣin wà, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 mẹ́rin, àti kí ẹnikẹ́ni má fi ẹni tó dìde fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe yẹ̀yẹ́, ó tán. Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ bá wa wá ojú ewé díẹ̀ fún àwòrán eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, nítorí bó ti wù ká kọ ọ́ tó, ẹni tí kò rí bí ẹ̀yìn ṣe ń gún nígbà tí ìbàdí ń tẹ̀ lè ṣì í ṣe. Ẹ dákun, kó má jẹ́ àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti wú lápá nìkan ni ẹ máa lò. Ẹ fi ìyá ẹni ọdún 55 tó wọ bùbá àti ṣòkòtò sí i, kó gbá báàgì píọ̀ wọ́tà mọ́ àyà níwájú àga.

Tiyín nítòótọ́,

Àwa olùkọ́ni eré ìmárale,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.